Rírù Kọ́ Ni Kí Ọ̀rá Dínkù: Àlàyé fún Àwa Tí A Ń Sáré Láàárọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ máa ń sáré láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, láti Ìjàpọ̀ gba ọ̀nà Alágbàká ní Àkúrẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó pinnu pé òun fẹ́ dín ọ̀rá kù. Ó fi kún eré tó ń sá, ó ń dín oúnjẹ alẹ́ kù títí tó fi di pé kì í jẹ ẹ́ mọ́ rárá, ó sì ra òṣùwọ̀n kékeré kan tó ń gùn láràárọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, kílò 11 ti lọ. Inú rẹ̀ dùn, àfi ọjọ́ tó yà sọ́dọ̀ màmá oníyán tó ti ń bá rajà tipẹ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Màmá gbé ìgbakọ sílẹ̀, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́? Ṣé o ti lọ ṣe àyẹ̀wò?" Wọ́n fi ẹran kan lé e fún un, wọn ò gba owó rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, tó fẹ́ gbé sílíńdà gáàsì gun àtẹ̀gùn bó ṣe máa ń gbé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló sinmi lọ́nà. Èyí tó tún dùn ún jù ni pé ikùn tó torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yìí kò tíì lọ. Apá ti tín-ín-rín, èjìká ti wọlé, ikùn jókòó síbi tó wà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí a ń nara lẹ́yìn eré, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, àríyànjiyàn sì bẹ́. Ẹnìkan ní eré sísá ló ń jẹ ẹran ara, pé ká wo àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn, ṣé a rí ẹran lápá wọn? Ẹnìkejì ní iyán ló fà á. Ẹnìkẹta ní òun mọ tíì kan tó ń fọ ikùn mọ́, òun sì lè bá wa rà á ní ẹ̀dínwó.

Èmi kì í ṣe dókítà. Mo kàn ti ń sáré fún ọdún mẹ́jọ ni, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe ọ̀rẹ́ mi yìí rí. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìṣirò tí n kò lè ṣe lórí ìdúró.

Kí ni òṣùwọ̀n ń wọ̀n gan-an?

Tí ara ènìyàn bá dínkù, a ó ní ó ti rù. Ọ̀rọ̀ kan yìí ló ń ṣì wá lọ́nà, torí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè dínkù lára èèyàn.

Ẹ lọ sídìí tábìlì alápatà. Ẹ ó rí èyí tó funfun, tó máa ń yọ́ tí iná bá rà á: ọ̀rá nìyẹn. Ẹ ó rí èyí tó pupa, tí wọ́n fi ń ṣe súyà: iṣan nìyẹn. (Iṣan tí mò ń sọ níhìn-ín, ẹran pupa yẹn ni, kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Èdè wa fi orúkọ kan pe méjèèjì.) Ọ̀rá ni àká tí ara ń kó oúnjẹ pamọ́ sí de ọjọ́ ọ̀wọ́n. Iṣan ni òṣìṣẹ́: òun ló ń gbé ẹsẹ̀, òun ló ń gbé sílíńdà gáàsì.

Ohun kẹta ni omi, òun ló sì ń tan èèyàn jù. Iyán, gàrí, ìrẹsì, búrẹ́dì, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà tí wọ́n bá délé ara. Ara máa ń kó díẹ̀ lára ṣúgà yìí pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, nǹkan bí ìdajì kílò lápapọ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Ẹ ṣírò rẹ̀: kílò méjì ni ṣúgà àti omi yẹn. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú òkèlè lọ́jọ́ Ajé, tó ń sáré lójoojúmọ́, lè gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì kó rí i pé ohun tó tó kílò méjì ti lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tó kúrò níbẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá wá lọ sóde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, tó jẹ ìrẹsì, tó fi iyán tì í, gbogbo rẹ̀ lè padà kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́. Kò sanra mọ́jú. Omi ló padà sílé.

Òṣùwọ̀n kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rá, kò mọ èyí tó jẹ́ iṣan, kò mọ omi. Kílò ni kílò lójú tirẹ̀.

Ọ̀rá tó bá kúrò, ibo ló ń gbà jáde?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀rá ń yọ́ ni, pé ó ń bá òógùn jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àwọn tó ń wọ aṣọ òtútù sáré nínú oòrùn, tí àwọn mìíràn tún fi ọ̀rá, ìyẹn nylon, wé ikùn lábẹ́ ẹ̀wù. Wọ́n ń fi ọ̀rá lé ọ̀rá. Omi àti iyọ̀ ló wà nínú òógùn. Tí ẹ bá ti mu omi tó, ohun tí ẹ pàdánù á padà.

Imú ni ọ̀rá ń gbà jáde. Mo mọ̀ pé ó ń dún bí àwàdà. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown, onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, ṣe ìṣirò rẹ̀: tí ara bá jó ọ̀rá kílò 10 tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ máa bá èémí jáde bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, 1.6 tó kù á di omi. Bí igi ìdáná ni: ẹ dáná igi odidi ìtí kan, ẹ ó bá eérú díẹ̀ nílẹ̀, ìyókù ti bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó kó máa mí hẹlẹhẹlẹ o. Iṣẹ́ ló ń jẹ́ kí ara dáná. Èémí kàn ń kó èéfín jáde ni.

Ibi tí ara bá fẹ́ ló sì ti ń mú igi. Kò sí bí ẹ ṣe lè pàṣẹ fún un pé ikùn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Dídùbúlẹ̀ ká máa ká ara sókè ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ń mú iṣan ikùn le, ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rá tó wà lórí iṣan náà kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ṣé eré tí mò ń sá kò tó ni?

Lítà la fi ń wọn epo ọkọ̀. Kálórì la fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn torí ó rọrùn: kìlómítà kan téèyàn bá sá máa ń ná an ní nǹkan bíi kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó bá wọ̀n tó kílò 75, tó sá kìlómítà 5, ti ná 375. Bó yára, bó rọra, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ó dáa. Iṣu sísè gíráàmù 100 ní kálórì bíi 116. Gbogbo eré ìdárayá àárọ̀ yẹn, iyán tó wọ̀n tó gíráàmù 320 ti san án padà, a ò tíì mẹ́nu kan ọbẹ̀. Ta ló sì ń jẹ iyán 320 gíráàmù ní Àkúrẹ́ yìí? Ìtọ́wò nìyẹn.

Ọ̀rá kílò kan nínú ara jẹ́ kálórì bíi 7,700. Ẹni kílò 75 yẹn, tó bá ń sá kìlómítà 5 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí kò yí ohunkóhun padà nínú oúnjẹ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méje kí kílò ọ̀rá kan tó lọ. Ìyẹn tí kò bá padà sílé lọ fi àkàrà mẹ́jọ àti ògì kún oúnjẹ àárọ̀ torí pé ó sáré. Mo ti jẹ àkàrà yẹn rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, oúnjẹ gbọ́dọ̀ dínkù díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ mi ti já sí kòtò.

Kí ló dé tí ara fi ń lé iṣan lọ, tí ọ̀rá sì wà nílẹ̀?

Ní ìlú tí iṣẹ́ ìjọba pọ̀ tó báyìí, ẹ ó tètè rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ fojú inú wo iléeṣẹ́ kan tí owó tó ń wọlé fún un dínkù lójijì. Ọ̀gá á ní kí wọ́n gbé ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ wá. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju méjì lọ: ta ló ń gba owó oṣù, ta ló sì ń ṣiṣẹ́?

Iṣan ń gba owó oṣù. Kílò iṣan kan, kódà bó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, ń jẹ kálórì bíi 13 lóòjọ́. Kílò ọ̀rá kan kì í jẹ ju 4 tàbí 5 lọ. Inú àká ló wà jẹ́ẹ́. Lójú ọ̀gá, ọ̀rá kò ná òun ní nǹkan kan, ó sì tún wúlò fún ọjọ́ iwájú. Ló bá kọjú sí iṣan. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ń sáré lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó dúró. Ọkàn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Èjìká, àyà, ẹ̀yìn, apá: kí lẹ̀ ń ṣe níbí láti oṣù tó kọjá? Wọ́n á gba lẹ́tà. Ẹsẹ̀ gan-an, tó bá jẹ́ eré pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ nìkan ló ń sá, ọ̀gá lè ní kí wọ́n dín àwọn tó wà níbẹ̀ kù, torí eré gbọọrọ kì í béèrè iṣan ńlá. Ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ Kẹ́ńyà nìyẹn: ara tó ṣe wẹ́kú fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà. Iṣan dà bí ilé amọ̀. Lójoojúmọ́ ni òjò ń wẹ díẹ̀ lára rẹ̀, lójoojúmọ́ ni onílé sì ń rẹ́ ẹ. Amọ̀ tí ara fi ń rẹ́ iṣan ni èròjà tí wọ́n ń pè ní purotéènì, tó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà. Ẹni tó fo oúnjẹ alẹ́, tó jẹ́ pé oúnjẹ alẹ́ yẹn ni ẹja rẹ̀ wà, ó ti lé ẹni tó ń gbé amọ̀ wá dànù. Òjò kò sì dáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá ń dín oúnjẹ kù láìgbé nǹkan tó wúwo, láìjẹ purotéènì tó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó máa pàdánù ló lè má jẹ́ ọ̀rá. Nínú kílò 11 ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn súnmọ́ kílò mẹ́ta. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ti mọ̀ kí òun tó mọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé eré sísá kọ́ ni olè. Olè ni ebi ńlá, pẹ̀lú àwo tí kò ní ẹja, pẹ̀lú apá tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fi eré náà sílẹ̀ síbi tó wà. Ó ń ṣe ọkàn àti ìfúnpá yín lóore.

Ẹran tí wọn ò jẹ́ ká jẹ ní kékeré

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í fọwọ́ kan ẹran títí tó fi máa jẹ òkèlè tán, ìgbà náà ni wọ́n á wá já a sí méjì fún un. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ẹran jù, olè ló fẹ́ dà. Ẹyin? Ti àlejò ni. A dàgbà tán, a ṣì ń jẹun bẹ́ẹ̀: òkè iyán, ẹ̀fọ́ rírò, ẹran tó tó àtàǹpàkò. Mi ò bá àwọn òbí wa jà, owó ló fà á nígbà náà, ó sì tún lè fà á nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù kí iṣan má lọ gbọ́dọ̀ yí àwo yẹn padà.

Ẹni tó jókòó lásán lè fi 0.8 gíráàmù purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n gbé ọjọ́ kan. Ẹni tó ń sáré, tó tún ń dín oúnjẹ kù, 1.6 sí 2.2 ló dára fún un. Ẹni kílò 70, tí a bá mú 1.6, ń wá 112. Kì í ṣe ẹran gíráàmù 112 o. Purotéènì inú ẹran ni. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, tó máa di àwo ńlá kan tó bá jinná, ní bíi 23. Ẹja títù gíráàmù 150, lẹ́yìn tí wọ́n ti sè é, ní bíi 35. Adìyẹ gíráàmù 100 láìsí eegun, bíi 28. Ẹ jẹ ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín tó tó àwo yẹn lọ́sàn-án, kí ẹja àti adìyẹ yẹn wà nínú oúnjẹ ọ̀sán àti alẹ́: 104 nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ inú búrẹ́dì, iṣu àti ẹ̀fọ́ á pé e.

Owó ńkọ́? Mo mọ iye tí ẹja títù ń jẹ́ lọ́jà. Ẹ̀wà àti sóyà ló ń ràn mí lọ́wọ́ jù. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà náà dára. Ẹ̀pà ní purotéènì, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì purotéènì ọ̀hún, ẹ má fi dá ara yín lára yá láti òwúrọ̀ dalẹ́. Pọ̀nmọ́, ẹ dárí jì mí, kò ka iye. Purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí kò pé ni, kò lè dá iṣan kọ́. Ẹ máa jẹ ẹ́ torí adùn rẹ̀.

Ní yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2016 tó jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rọ̀ purotéènì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣòwò lásán. Wọ́n kó ọ̀dọ́kùnrin 40 jọ, wọ́n gé oúnjẹ wọn gidigidi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ń mú wọn ṣe iṣẹ́ ara líle, irin gbígbé wà níbẹ̀. Ìdajì ń jẹ purotéènì gíráàmù 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìdajì kejì ń jẹ gíráàmù 2.4. Àwọn ti 2.4 pàdánù ọ̀rá kílò 4.8, ohun tí kì í ṣe ọ̀rá nínú ara wọn tún fi kílò 1.2 lé sí i. Àwọn ti 1.2 pàdánù ọ̀rá kílò 3.5, ìyókù ara wọn dúró síbi tó wà. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé iṣan àwọn tó jẹ ìwọ̀nba gan-an kò lọ, torí wọ́n ń gbé irin.

Ibo wá ni ká ti gé oúnjẹ? Kì í ṣe gbogbo òkèlè. Ẹni tó ń sáré láìjẹ òkèlè kankan dà bí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ má pe ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ dín òkè iyán náà kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí èyí tó pọ̀ jù wà ní ọjọ́ tí ẹ bá sáré gígùn. Ẹ wá wo epo: ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo, ìbáà jẹ́ epo pupa ìbáà jẹ́ òróró, kálórì 120 ni. Ẹ̀fọ́ tí epo ń léfòó lójú rẹ̀ lè gbé mẹ́ta irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ sínú àwo ẹnìkan láìmọ̀. Mínírà oníike kan tó jẹ́ 50cl lè ní kálórì tó 200, ìgò bíà ńlá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dín kálórì bíi 500 kù lójúmọ́ láti ibẹ̀, ó ti tó. Ọ̀rá tó súnmọ́ ìdajì kílò lọ́sẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fún apá níṣẹ́

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Àjọ ìlera àgbáyé pàápàá, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìrìn àti eré.

Kò di dandan kí ẹ lọ sí jíìmù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi jẹ́ kílò 25. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì. Ẹ gbé e mọ́ àyà, ẹ lóṣòó, ẹ dìde. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ̀yìn nà tọ́ọ́tọ́, ẹ fà á wá sí ìhà láti ilẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ ti ara sókè. Ọkùnrin Yorùbá kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ èyí. Ìgbà 8 sí 15, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá ti rọrùn fún yín, ẹ fi omi kún kẹ́ẹ̀gì. Ohun tí ẹ ń wá ni pé, nígbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró, kó jẹ́ ìgbà méjì tàbí mẹ́ta péré ló kù lára yín. Ẹni tó lè ṣe ogójì, tó dúró ní mẹ́wàá, kò tíì fún òṣìṣẹ́ kankan níṣẹ́.

Ẹ má gbé nǹkan tó wúwo lọ́jọ́ kan náà tí ẹ fẹ́ sá eré líle. Tí ọ̀nà ò bá sí, kí ọ̀kan wà láàárọ̀, ìkejì lálẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń lọ sí Ìdànrè lọ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, ẹ kà á mọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe ìgbafẹ́. Ẹ má sáré gígùn lọ́jọ́ kejì.

Àwọn obìnrin inú wa ń bẹ̀rù pé àwọn á yọ apá bí ọkùnrin. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń wá a tọkàntọkàn gan-an, ọdún púpọ̀ ló ń gbà á, pàápàá nígbà tí oúnjẹ bá dínkù.

Báwo ló ṣe yẹ kó yá tó?

Ìdajì sí kílò kan lọ́sẹ̀ fún ẹni tó wọ̀n tó kílò 100. Ẹni kílò 80, gíráàmù 400 sí 800. Bí ẹ bá ṣe ń fúyẹ́ sí i, ẹ rọra sí i.

Àwọn àmì kan wà tó ń sọ pé ẹ ti gé e jù: eré tí ẹ ń sá nírọ̀rùn tẹ́lẹ̀ wá ń ni yín lára fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òtútù ń mú yín nígbà tí kò mú ẹlòmíì, egungun ojúgun ń dun yín láìlọ, inú ń bí yín láìnídìí. Fún obìnrin, tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró tàbí tó ń fò, kì í ṣe àmì pé eré ń wọra, àmì ewu ni. Ní 2014, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje Olympic lágbàáyé fún ìṣòro àìjẹun tó fún iṣẹ́ ara yìí lórúkọ, RED-S, torí ó ń ba egungun jẹ́, ọkùnrin náà sì ń ní in.

Oorun wà nínú rẹ̀. Ní yunifásítì Chicago, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, wọ́n gé oúnjẹ àwọn ènìyàn 10 tí wọ́n sanra fún ọjọ́ 14, wọ́n fún wọn ní wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ láti sùn. Wọ́n tún ṣe ọjọ́ 14 mìíràn pẹ̀lú wákàtí márùn-ún àbọ̀. Nígbà méjèèjì, nǹkan bíi kílò mẹ́ta ló lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sùn dáadáa, 1.4 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Nígbà tí wọn ò sùn tó, 0.6 péré. Oúnjẹ kan náà, òṣùwọ̀n sọ ohun kan náà, ohun tó lọ yàtọ̀. Mo mọ̀ pé jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sùn ní aago kan òru, ẹ má fi dandan dìde ní aago márùn-ún torí eré.

Kí ni kí n fi máa wọn ara mi?

Téèpù télọ̀. Ẹ fi wọn ìbàdí níbi ìdodo, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ lè dọ̀bálẹ̀ kí ẹ ti ara sókè sílẹ̀. Tí ìbàdí bá ń dínkù, tí iye yẹn kò dínkù, ọ̀rá ló ń lọ, ohun yòówù kí òṣùwọ̀n máa wí. Tí méjèèjì bá jọ ń dínkù, ẹ fi oúnjẹ kún un. Àwọn òṣùwọ̀n olówó iyebíye tó ń kọ iye ọ̀rá ara, iná díẹ̀ ni wọ́n ń rán gba inú ara kọjá láti fi méfò; ẹ mu omi púpọ̀, ẹ ó rí i pé iye tí wọ́n kọ yí padà.

Ní ti tíì tó ń fọ ikùn: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìgbẹ́ ni wọ́n ń mú kéèyàn yà. Ohun tó sì bá ìgbẹ́ lọ, omi ni àti oúnjẹ tí ẹ ti fowó rà.

Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ fi purotéènì kún oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà gbà á láyè. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó dín oúnjẹ kù, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà já wálẹ̀ lójú ọ̀nà. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mú, ìgbà yín kọ́ nìyí.

Ọ̀rẹ́ mi ti padà sídìí oúnjẹ alẹ́. Eré tó ń sá lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin, kẹ́ẹ̀gì méjì sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọn omi sí. Láàárín oṣù kan, kílò mẹ́ta padà sára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rẹ̀ kò kúrò ní ojú ihò tó wà, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, ó ti wọ ihò kan sí i. Ó ń gbé sílíńdà gáàsì dókè láìsinmi. Màmá oníyán ṣì ń fi ẹran kan lé tirẹ̀ láìgba owó, wọ́n ní kó máa fi gbé ara sókè díẹ̀díẹ̀. Kò tíì sọ fún wọn pé ara òun ti yá.